Ìgbà Tí Bàbá Mi Ń Gbin Ẹ̀wà fún Ẹtu

Ẹ gbé fóònù yẹn jìnnà sí mi díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta mí lójú. Ó dáa, mo ti rí i wàyí. Ẹranko tí ẹ ń fi hàn mí yìí, tí Tóyìn ní ewúrẹ́ òyìnbó ni, kì í ṣe ewúrẹ́ o. Ẹtu ni. Ẹ wo ìwo rẹ̀ bó ṣe kúrú, tó ṣe ṣóńṣó bí ìka ọmọ ọwọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé atẹ́gùn lè ṣẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ilé yìí, ní Ìgàndó níbí, níbi tí àwọn ayálégbé ń sá aṣọ sí lónìí, mo ti dúró níbẹ̀ rí tí irú ẹran yìí ń jẹ ewé ẹ̀wà níwájú mi, kò sì sí fóònù lọ́wọ́ mi tí mo lè fi yà á. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tó, kí n lè sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ yìí kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló ń jí wa láàárọ̀, àparò ni. Ọ̀kan á ké láti inú igbó, èkejì á dá a lóhùn lápá odò, ìyá mi á ní, "Wọ́n ti ń kíra wọn, ẹ dìde." Bí ẹnìkan láti Ẹ̀gbẹ́dá bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí wa, a mọ̀ pé yóò mú àdá dání. Kì í ṣe nítorí ìjà o, igbó ojú ọ̀nà ló máa bá jà. Láti ibí dé Ìkòtún, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ológeere lẹni ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ láti ibí dé ìta ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kò lè mọ bí ilẹ̀ ṣe gùn tó.

Mo ti dàgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, mo ní ìsọ̀ ní Ìkòtún, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá-ńlá yín níyàwó. Inú agbo ilé bàbá mi níbí la ń gbé. Ọdẹ ni bàbá mi. Ilẹ̀ tí ẹbí pín fún wọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó lọ títí ó fi kan odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, èyí tí ẹ sọ di gọ́tà.

Ẹran pọ̀ nínú igbó yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gé igi ìdáná dé, àwọn tó ń la pákó tẹ̀lé wọn, àwọn tó ń fi iná sun igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tẹ̀lé àwọn yẹn. Díẹ̀ díẹ̀, ẹran tán. Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá mi lọ sígbó, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n máa dé, ìgbín kan ṣoṣo ló wà nínú àpò wọn. Ìyá mi gbé ìgbín náà sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ yìnbọn fún un ni, àbí ẹ lé e bá?"

Bàbá mi gba ìgbín náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹni tó ro ìṣẹ́ ro ìyà lórí ìgbín ńkọ́? Wọ́n sè é, wọ́n dá nìkan jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni bàbá mi ṣèèṣì gba inú oko opó kan kọjá. Obìnrin náà ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀, oko ti di ìgbòrò, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún tó gbìn ń hù fúnra wọn láàárín igbó. Bàbá mi rí ẹsẹ̀ ẹtu níbẹ̀, wọ́n rí ìgbẹ́ òyà, wọ́n rí ibi tí ìgalà sùn sí tí koríko dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ṣe làwọn jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n pe gbogbo wa.

"Ẹran kò sá fún wa," bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. "Àwa la tú ilé wọn. A gé ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí, a sun ohun tí wọ́n ń jẹ, a wá gbé ìbọn, a ní a kò rí wọn. Màá tún ilé yẹn kọ́ fún wọn."

Ìyá mi wo òrùlé tiwa, tó ń jò.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà bíi mélòó kan. Apá kan, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kàn án, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹran á máa sùn. Wọ́n la ààyè tóóró tóóró sáàárín igbó, wọ́n gbin ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún síbẹ̀. Wọ́n gbin igi ìyeyè àti igi ọ̀pọ̀tọ́, kí èso rẹ̀ lè máa já bọ́ fún ẹtu. Wọ́n ro yí gbogbo ààlà ká kí iná oko àwọn ẹlòmíràn má bàa wọlé. Wọ́n gbẹ́ kòtò omi fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́bàá igi ìrókò kan, wọ́n po iyọ̀ mọ́ amọ̀, kí ẹran lè máa wá lá a. Inú ìkòkò ìyá mi ni iyọ̀ yẹn ti wá o. Fún bí oṣù méjì, ọbẹ̀ ilé wa kò níyọ̀, amọ̀ inú igbó ló wá dà bí ọbẹ̀.

Wọ́n wá là á mọ́lẹ̀ pé títí òjò mẹ́ta á fi kọjá, kò sí ìbọn, kò sí tàkúté, kò sí ajá lórí ilẹ̀ náà. Òjò kẹrin làwọn fúnra àwọn á tó wọ ibẹ̀ tàwọn ti ìbọn.

Ẹ gbọ́, kò sí èyí tó dun ìyá mi tó ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Wọ́n á ti ọjà Ìkòtún bọ̀, ẹ̀wà nínú agbọ̀n lórí, wọ́n á bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀wà.

"Ẹ̀yin ń gbìn ín fún ẹtu, èmi ń rà á fún ọmọ èèyàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," bàbá mi á fèsì.

"Omi tí ẹ ń dà yẹn, èmi ni mò ń pọn ọ́n."

Bàbá mi tún ní kí n kan pátákó kan, kí n kọ ìkìlọ̀ sí i. Mo kan án, mo mú un lọ bá ẹnìkan tó máa ń kọ̀wé sára ògiri ní Ìkòtún, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé, Ẹ MÁ ṢE PA ẸRAN NÍBÍ. A rì í mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò pé ọjọ́ márùn-ún, alápatà kan wá bá wa nílé, inú ń bí i. Ó ní òun ti ń pa màlúù láti ìgbà tí òun ti jogún ọ̀bẹ, òun kò pa á sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí, ta ló lọ pa irọ́ mọ́ òun? Bàbá mi ṣàlàyé pé ẹtu àti òyà làwọn ń wí. Alápatà náà wo igbó, ó wo bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ẹtu wo?" Ó dùn mí fún wọn, nítorí pé nígbà yẹn, lóòótọ́, kò tíì sí ẹtu kankan.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ni àmì tó fara hàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi sáré wá sílé, wọ́n gba agbọ̀n tí ìyá mi fi ń kó èlùbọ́, wọ́n tún sáré padà. A tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti fi agbọ̀n bo nǹkan mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Wọ́n ṣí i díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹtu kan ni, ó pín sí méjì, kò ju èkùrọ́ lọ. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni tó bá wá kí wa, bàbá mi á mú un lọ wo ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí òjò bà á jẹ́, ṣe ni ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì bíi tẹni tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nílé rẹ̀.

Kò pẹ́, àlejò pọ̀. Àparò padà. Òkété ń gbẹ́ ihò káàkiri. Òyà dé, òyà sì ni kò jẹ́ kí ilé wa rójú. Ẹ̀wà tí bàbá mi gbìn fún gbogbo ẹran, òyà kò wò ó. Ẹ̀gẹ́ ìyá mi, tó wà lódìkejì ọ̀nà, ni wọ́n ń lọ jẹ. Ẹ̀gẹ́ yẹn ni ìyá mi fi ń ṣe gàárì, gàárì yẹn ni gbogbo wa ń jẹ. Ìyá mi dé oko lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ebè mọ́kànlá tí gbogbo rẹ̀ ti dùbúlẹ̀.

Wọn kò pariwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé àwo wá síwájú bàbá mi, wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n sì jókòó tì í. Bàbá mi ṣí i. Ewé ẹ̀wà tútù ló wà níbẹ̀, wọn kò sè é, wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ni. Òun làwọn àlejò yín ń jẹ. Nǹkan tó dáa tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí onílé má tọ́ ọ wò."

Bàbá mi mú ewé kan, wọ́n rún un lẹ́nu, wọ́n gbé e mì. Wọ́n mú òmíràn. Wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ tán pátá, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní, "Èyí tó wà lápá odò máa ń rọ̀ jù ú lọ." Ìyá mi gbìyànjú kí ẹ̀rín má bọ́, ó bọ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ gún iyán. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọparun ṣe ọgbà yí oko ẹ̀gẹ́ náà ká, a kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi parí.

Ẹnìkan tún wà tó ń jàǹfààní iṣẹ́ bàbá mi ju àwa lọ. Rájí ni. Ẹgbẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni, ọmọ ọdẹ bíi tèmi, àmọ́ òun tẹ̀ lé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ wọn ló bá tiwa pààlà. Rájí gbé àpótí kan sí ẹ̀bá ààlà, nínú ilẹ̀ tiwọn, kò fi ẹsẹ̀ kan tiwa rárá, ó jókòó, ó gbé ìbọn sórí itan. Ẹran tí bàbá mi bá bọ́ yó tán, tó bá ṣèèṣì jáde lọ nasẹ̀, ti Rájí ni. Mo bá a sọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, àṣẹ bàbá rẹ kò dé orí ilẹ̀ wa, àbí?" Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó pa abo ẹtu kan, a sì gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ láti ìhà tiwa. Bàbá mi wọ igbó lọ, wọ́n gbé ọmọ ẹtu náà wálé nínú fìlà. Kò ju ológbò lọ. Ìyá mi ní àwọn kò ní fojú kan án, ẹ̀gẹ́ àwọn ṣì ń dun àwọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá, mo bá ìyá mi lórí àpótí, ọmọ ẹtu láàárín orúnkún wọn, wọ́n ń ki ìka bọ ẹ̀kọ gbígbóná tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ ẹtu ń fà á mu.

"Ẹ̀yin tí ẹ kò ní fojú kàn án, màmá?"

"Mo dijú," ìyá mi dá mi lóhùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Àlejò.

Bàbá mi ní tiwọn kò bá Rájí jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé àpótí tiwọn, wọ́n lọ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rájí.

"Rájí, o kú ìjókòó o. Bàbá rẹ ńkọ́? Orí tó ń fọ́ ìyá rẹ, ṣé ó ti lọ?"

"Wọ́n wà dáadáa, Bàbá," Rájí fèsì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹran á gbọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Etí yìí ń dùn mí, mi ò mọ bí ohùn mi ṣe ń lọ sókè mọ́."

Kò sí nǹkan kan tó ṣe etí wọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á kí Rájí, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí bàbá bàbá wọn ṣe tẹ ilẹ̀ yìí dó. Bí ìtàn bá fẹ́ tán, wọ́n á húkọ́. Kí ni Rájí fẹ́ ṣe? A kì í lé àgbà dìde. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ó wá bá mi ní ìsọ̀, ó jókòó sórí pákó, ó gbé ọwọ́ lérán.

"Bá mi bẹ bàbá rẹ. Ìtàn ìdílé yín ti há sí mi lórí ju tiwa lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo péré, kí wọ́n ṣàìsàn, kí n rí nǹkan pa."

Mo ní kò sí ẹni tó lè bẹ̀ wọ́n. Ó gbé ìbọn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó gbé ọpọ́n ayò dé. Láti ọjọ́ yẹn, òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ń ta ayò lẹ́bàá ààlà, ẹran ń kọjá lẹ́yìn wọn.

Ní ti Àlejò, ó dàgbà sẹ́yìn ìyá mi bí ajá. Iyọ̀ ni kò lè rí kó má lá. Ẹni tó bá ti oko dé tó làágùn, Àlejò á lá a lọ́wọ́. Nígbà tí ìwo rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó lọ, á lo ọjọ́ méjì, á padà wá, á lo ọ̀sẹ̀ kan, á padà wá. Ìyá mi á ní àwọn kò retí rẹ̀. Àwo ẹ̀kọ sì ń bẹ lẹ́yìn ilé ìdáná lójoojúmọ́.

Òjò kẹta ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Olórí ẹbí wa ń gbé ní Ìdímù, Bàbá Ìdímù là ń pè wọ́n. Àṣà wa ni pé ẹran tí wọ́n bá pa lórí ilẹ̀ ẹbí, itan kan jẹ́ ti olórí ẹbí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti dá ìbọn dúró, Bàbá Ìdímù kò rí itan kankan. Ẹnìkan wá lọ bá wọn pé òun fẹ́ ra ilẹ̀ náà, òun fẹ́ máa mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò dáko sí, tí kò kọ́lé sí, ilẹ̀ tó ń sùn ni, ẹbí lè gbà á padà.

Bàbá mi kì í bẹ̀bẹ̀, àmọ́ wọ́n bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wà níbẹ̀.

"Ẹ wá wò ó kí ẹ tó tà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo tọrọ nìyẹn. Ẹ wá jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án kan, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, màá fọwọ́ ara mi fà á lé yín lọ́wọ́."

Ìyá mi gbọ́ nígbà tí a délé. Mo rò pé wọ́n á yọ̀. Ṣe ni wọ́n ní, "Bàbá wọn, àwọn tó lẹ́nu bíi tẹbí yín, ẹ ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀?"

Lọ́jọ́ tí a dá, àgbà mẹ́rin ló wá. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Ìdímù nínú oòrùn. A tẹ́ ẹní fún wọn sábẹ́ ìrókò. Àgbà kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ẹnìkejì ń bi í pé ṣé ó ti lo àgbo. Ẹnìkẹta ní eèrà ń jẹ òun, ó ń gbá ara rẹ̀ létí. Bàbá Ìdímù bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti igi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sùn lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti gbọ́ ẹ̀rọ ìlapákó, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹyẹ fò kúrò lórí ìrókò. Mo wo bàbá mi, mo rí i pé wọ́n ti gbà pé ilẹ̀ ti lọ. Omi wà lójú wọn.

Bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, ewé mì lápá òsì. Àlejò ló yọrí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí a ti rí i gbẹ̀yìn. Ó wò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún ṣẹsẹ̀ kan. Òógùn ìrìn Ìdímù ti gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Ìdímù, ó funfun. Àlejò na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Bàbá Ìdímù rẹ́rìn-ín lójú oorun. Wọ́n ní, "Ìyá Wàídì, ó tó báyìí, mo gbọ́."

Ahọ́n kò dúró. Wọ́n la ojú. Wọ́n wo ẹtu, ẹtu wò wọ́n. Mo rò pé wọ́n á fò dìde. Wọn kò mira. Àgbà tí eèrà ń jẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá Ìdímù gbé ìka kan sókè, ó pa ẹnu dé. Ṣe ni gbogbo wa dúró bí ère títí Àlejò fi lá ẹsẹ̀ ọ̀tún tán. Bàbá Ìdímù rọra na tòsì sí i.

Nígbà tó lọ tán, wọ́n wọ bàtà. Wọ́n wá ní, "Kí ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù wá ibòmíràn lọ. Mi ò lè ta ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ahọ́n kí mi." Láti ìgbà yẹn, wọn kò béèrè itan mọ́. Wọ́n kàn máa ń wá láti Ìdímù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn wá wo ilẹ̀ ẹbí, wọ́n á jókòó sábẹ́ ìrókò, wọ́n á bọ́ bàtà. A kò rí Àlejò mọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì sí ìgbà yẹn. Wọ́n ṣì ń wá.

Òjò kẹrin dé, ọjọ́ tí ìbọn máa wọ igbó pé. Ìyá mi ti lọ ata sílẹ̀ láti òwúrọ̀, ìyàwó mi ti bẹ iṣu. Bàbá mi nu ìbọn, wọ́n jáde. Ọ̀sán pọ́n, wọ́n padà dé lọ́wọ́ òfo.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ìyá mi béèrè.

"Ẹ̀tù tutù. Ìbọn kò dún."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní atẹ́gùn ń gbé òórùn àwọn lọ bá ẹran. Lọ́jọ́ kẹta, èékánná ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kẹrin, mo tẹ̀ lé wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo bá wọn lórí àpótí, ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, akọ ẹtu kan àti abo kan níwájú wọn tí wọ́n ń jẹ ewé ẹ̀wà. Bí mo ṣe súnmọ́, ẹran sá. Bàbá mi kò bínú.

"Ẹ̀tù gbẹ dáadáa," mo ní.

"Ó gbẹ. Ẹ̀tù wà nínú ìbọn, ẹtu wà níwájú ìbọn, èmi ni mi ò lè mú àwọn méjèèjì pàdé." Wọ́n fọwọ́ nu ojú. "Mo ti gbẹ́ omi fún wọn. Mo mọ èyí tó ń tiro. Báwo ni màá ṣe yìnbọn fún ẹni tí mo fi ọdún mẹ́ta ń retí? Má sọ fún ìyá rẹ."

Mo sọ fún wọn. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ̀bìtì tí kò pa eèmọ́, ṣe ló yẹ kó dá ẹyìn padà fún ẹlẹ́yìn. Kí wọ́n dá ẹ̀wà mi padà." Wọ́n gbé agbọ̀n, wọ́n lọ sí Ìkòtún, wọ́n lọ ra ẹran ìgbẹ́. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Rájí. Ó ti lọ pa á lápá ibòmíràn. Bàbá mi jẹ ẹ́, wọ́n ní ó dùn, wọn kò béèrè ibi tó ti wá. Bí a ṣe ń gbé e nìyẹn títí bàbá mi fi papò dà.

Mi ò ní purọ́ fún yín nípa ohun tó tẹ̀lé e. Bàbá Ìdímù ti ṣáájú bàbá mi lọ. Èèyàn ń pọ̀, ilé ń sún bọ̀ láti apá Ìkòtún, àwọn bàbá yín fẹ́ lọ sílé ìwé. Ẹbí ní kí a tà á, èmi náà fọwọ́ sí i. Ọwọ́ tí mo fi kan pátákó ìkìlọ̀ náà ni mo fi fọwọ́ sí ìwé. Ilé yìí àti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí katapílà máa wọlé, ìyá mi ti dàgbà gan-an, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n gbé ìdérí ìkòkò irin àti ṣíbí ńlá kan, wọ́n lọ dúró síwájú ẹ̀rọ náà. Awakọ̀ rẹ̀ yọrí lókè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà."

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Pa á ná. Àwọn tó wà nínú ilé kò tíì jáde."

Ọmọkùnrin náà wo igbó fún ìgbà pípẹ́. "Ilé wo, Màmá?"

Ìyá mi ti wọ inú igbó lọ. Ìyàwó mi gbé abọ́ páànù, ó tẹ̀ lé wọn. Èmi gbé agolo. Rájí tó ti hu ewú gbọ́ ariwo, ó sáré dé, kò mú ìbọn, agolo ọ̀dà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. A tò láti etí ọ̀nà, a ń lu ohun tó wà lọ́wọ́ wa, a ń lé ohun gbogbo lọ sápá odò, kí wọ́n lè gba ibẹ̀ sọdá sí igbó tó kù lápá Ògùn. Ìyá mi ló wà níwájú, wọ́n ń lu ìdérí, wọ́n ń bá igbó sọ̀rọ̀. "Ẹ máa lọ. A ti tà á. Ẹ má bínú, ẹ máa lọ." Òyà sáré kọjá, ìyá mi ní, "Ìwọ, mo mọ̀ ọ́, olè." Àparò fò. Ẹtu jáde ní méjì méjì. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé odò, akọ ìgalà kan dìde níwájú wa, ó ga dé àyà mi, ìwo rẹ̀ lọ́ pọ̀. Kò sí ẹnìkankan nínú wa tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó fo odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Rájí dúró, agolo já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ta ayò níbí," ó wí, ó sì tẹ̀ síwájú lọ wo ẹsẹ̀ ìgalà náà nínú ẹrẹ̀.

A padà sójú ọ̀nà. Awakọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí irin ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń jẹ àkàrà.

"Màmá, ṣé wọ́n ti tán?"

"Mi ò mọ̀. Ṣe sùúrù díẹ̀ sí i."

Ó ṣe sùúrù. Nígbà tó tún béèrè, ìyá mi ní kó tún ṣe díẹ̀ sí i. Ó wo ìyá mi, ó wo igbó, ó gun òkè lọ yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sápò, ó sì ní òun ń lọ sílé, òun máa padà wá lọ́la.